Yàrá Mẹ́rìnlélógún, Ọ̀rọ̀ Kan

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà

Lẹ́tà ìgbìmọ̀ ìlú dé lónìí. Ọdún méjì gbáko la ti ń kọ̀wé sí wọn nítorí Ilé Gígùn, ilé oníyàrá mẹ́rìnlélógún tí Bàámi ń gbé. Wọ́n fèsì wàyí: wọ́n ti gbà, wọ́n á ṣe àtúnṣe. Èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olùgbé ilé náà ni wọ́n kọ ọ́ sí, mo sì ṣí i ní ọ́fíìsì ilé-ìwé kí n tó ṣí ìwé kankan tó jẹ́ ti iṣẹ́ mi. Inú mi dùn débi pé mo da tíì sórí ìwé orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta. Bí mo ṣe parí iṣẹ́, lẹ́sẹ̀ kan náà ni mo gba yàrá kẹrin lọ.

Bàámi wà nídìí tábìlì wọn, wọ́n fi awò kékeré sójú kan, wọ́n tú aago oníbàárà kan sílẹ̀. Kò sí òkè lórí àwọn yàrá iwájú; abọ́ tí òjò ń jò sí lẹ́bàá ibùsùn ti kún dé ìdajì. Mo ní, "Bàámi, wọ́n á ṣe é. Ẹ ò ní kúrò níbí láéláé." Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n wá bi mí pé ṣé oòrùn ṣì máa ń wọ yàrá ẹ̀yìn nílé mi láàárọ̀. Mo ní ó ń wọ̀ ọ́. Mo da omi abọ́ nù, mo lọ sílé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Òjò látàárọ̀. Tíṣà Àgbà ti yàrá kejì ránṣẹ́ pè mí. Ọdún kẹwàá rèé tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ bíírò pupa ni wọ́n ṣì fi ń ka ìwé ìròyìn. Wọ́n ti ka lẹ́tà ìgbìmọ̀ dé ojú ewé kẹta, ibi tí ayọ̀ kò jẹ́ kí èmi kà dé. Wọ́n ti fi bíírò pupa fa ìlà sí i nídìí: "Nínú lẹ́tà yìí, àtúnṣe ni iṣẹ́ yòówù tó bá mú kí ibùgbé dára sí i, títí kan wíwó ilé àti kíkó àwọn olùgbé lọ sí ibòmíràn."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Tíṣà bi mí pé ta ló ní kí wọ́n wó ilé. Mo ní kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní a sì fọwọ́ sí i. Òótọ́ ni. Yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ, àtúnṣe sì ni ìwé náà bẹ̀bẹ̀ fún.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀ ni ìjókòó ìtagbangba. Bí èrò tó fẹ́ àtúnṣe bá pọ̀ jù, ilé gbọ́dọ̀ ṣófo kí oṣù kẹjọ tó parí. Àwọn ilé tuntun tó wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n máa kó wọn lọ. Mo mọ ibẹ̀. Àjà kẹfà ló ṣẹ́ kù. Bàámi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, lórí àjà kẹfà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Ìpàdé, lábẹ́ àtẹ̀gùn, nítorí ibẹ̀ nìkan ni òjò kò dé. Télọ̀ ti yàrá kẹrìndínlógún ló kọ́kọ́ dìde. Òun ló ṣubú lórí àtẹ̀gùn yẹn kan náà lọ́dún tó kọjá, òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá fẹ́ àtúnṣe, ọ̀tá gbogbo ilé ni. Tíṣà Àgbà ní ẹni tó bá fẹ́ àtúnṣe, ó ti ta gbogbo ilé. Wákàtí méjì ni wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ yìí ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ìdajì tẹ̀ lé Télọ̀, ìdajì tẹ̀ lé Tíṣà. Bàámi jókòó sórí àpótí, wọ́n ń wo òjò.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí mo ṣe ń kà á nílé, ó rú mi lójú, torí Télọ̀ kò sọ níbì kankan pé òun fẹ́ kó lọ, bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà kò sì sọ níbì kankan pé òrùlé dáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Pépà ìkọ̀wé ti gbówó lórí sí i. Síbẹ̀, káàdì ti wà lára gbogbo ilẹ̀kùn: A FẸ́ ÀTÚNṢE. A Ò FẸ́ ÀTÚNṢE. Ìyá Ìbejì lókè lẹ méjèèjì mọ́ ilẹ̀kùn tirẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ọmọ méjì lòun bí, òun ò fẹ́ kí wọ́n jà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Àbúrò mi pè láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ kó Bàámi lọ sílé tuntun, kí n jẹ́ kí wọ́n kó wọn lọ, ilé náà ní ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè. Inú bí mi. Mo ní Bàámi ò lè fi yàrá tí Màámi kú sí sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ ni?" Mo ní ṣé gbogbo nǹkan lèèyàn máa ń fẹnu sọ ni. Mo bi í pé ìgbà wo ló wá kẹ́yìn. A wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ rẹ̀.

Àbúrò mi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bàbá ẹlòmíràn ni. Èmi ni mo ń da omi abọ́ nù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Oníròyìn rédíò wá lọ́sàn-án, ó ń kan ilẹ̀kùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló mú wá: ẹ fẹ́ àbí ẹ ò fẹ́? Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a gbọ́ ọ lórí afẹ́fẹ́ pé ìjà ti bẹ́ ní Ilé Gígùn, pé ọ̀kan ń fà á síwá, èkejì ń fà á sẹ́yìn. Ká tó gbọ́ ọ, ìjà náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí a gbọ́ ọ, ó le.

Òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà wá, èyí tí à ń pè ní Afínjú. Ọmọlúwàbí ni, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Mo mú un wo òrùlé. Ó ní òrùlé wà nínú àtúnṣe. Àtẹ̀gùn ńkọ́? Ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ omi? Bákan náà. Mo ní kí olúkúlùkù wà nínú yàrá rẹ̀ ńkọ́? Ó ṣí fáìlì, ó wò ó dáadáa, ó ní, "Ìyẹn náà ì bá wà nínú ẹ̀, mà, ká ní ẹ bẹ̀bẹ̀ fún un. A ò rí i nínú ìwé tẹ́ ẹ kọ." Ó rìn nínú ẹrẹ̀ iwájú ilé jáde, bàtà rẹ̀ kò dọ̀tí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Télọ̀ dá ṣòkòtò Tíṣà Àgbà padà láì parí rẹ̀. Ó ti gé ẹsẹ̀ kan, ó sì dá èkejì sí. Ó ní kí wọ́n lọ bá ẹni tí kò fẹ́ àtúnṣe kó bá wọn gé e. Tíṣà wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, kí gbogbo àdúgbò lè rí ìwà ìkà tí wọ́n hù sí wọn. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù, ẹ̀rín ọ̀hún sì kúrò lójú mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọ̀fìnkìn. Mi ò lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo wà lọ́dọ̀ Bàámi ní òwúrọ̀ nígbà tí obìnrin kan mú aago ògiri wá. Ó gbé e kalẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun tún un ṣe, ó fẹ́ máa lọ. Bàámi ní kó dúró. Wọ́n bi í pé kí ni aago náà ń ṣe. Ó ní kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n ní ìyẹn kọ́, kí ló ń ṣe gan-an, níṣojú rẹ̀, nínú ilé rẹ̀? Obìnrin náà ronú. Ó ní ó máa ń dúró nígbàkigbà tí àwọn bá ti ilẹ̀kùn gbàgà. Bàámi kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan bó ṣe sọ ọ́, wọ́n fi òwú so ó mọ́ aago náà.

Láti ọmọdé ni mo ti ń rí àwọn ìwé pélébé yẹn. Mi ò ka ọ̀kan rí. Mo kà wọ́n lónìí, lára gbogbo aago tó wà lórí pákó. "Ó ń sáré ní ọjọ́ ìsinmi." "Ó máa ń dákẹ́ bí mo bá ń fọṣọ." "Mi ò fẹ́ kó dún mọ́, kó ṣáà máa lọ." Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kàn máa kọ "àtúnṣe". Wọ́n ní, "Gbogbo aago tó wọ ibí, àtúnṣe ló bá wá. Èwo ni kí n ṣe?"

Àfi bí ẹni pé wọ́n da omi tútù sí mi lára. Mo sáré délé, mo tú gbogbo dúrọ́ọ̀, mo sì rí ìwé aláwọ̀ búlúù tí mo mú káàkiri nígbà tí mo ń gba ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn lọ́dún méjì sẹ́yìn. Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, wéréwéré, lẹ́nu ọ̀nà wọn. Tíṣà Àgbà: "Òrùlé ni. Omi ti ba ìdajì ìwé mi jẹ́, kí n ṣáà lè kú kí ìdajì tó kù tó bàjẹ́." Télọ̀: "Kí wọ́n tún àtẹ̀gùn yìí kàn kó tó pa mí. Mi ò lè lọ ibòmíràn, ibí ni àwọn oníbàárà mi mọ̀." Ìyá Ìbejì: "Ẹ̀rọ omi. Mò ń pọn omi, mò ń pọn ọmọ." Awakọ̀ tó wà ní yàrá kọkànlá: "Kí wọ́n fi ilé sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n ṣáà pa eku."

Lẹ́yìn náà ni mo mú fọ́ọ̀mù tí mo fi dà á kọ. Àlàfo tí wọ́n ní ká kọ ẹ̀bẹ̀ sí kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ. Ní ìlà àkọ́kọ́ mo kọ "àtúnṣe". Ní ìlà kejì dé ìkẹrìnlélógún mo kọ "bẹ́ẹ̀ náà". Ìwé náà mọ́, ó dùn ún wò. Mo rántí pé mo yangàn pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé, ohun tí wọ́n sì fi mọ̀ mí ni pé mo lè gé ọ̀rọ̀ wákàtí kan kúrú sí ìlà kan.

Tíṣà kọ́ ló ta ilé. Télọ̀ náà kọ́. Èmi ni.

Nínú ìwé búlúù, ní yàrá kẹrin, mo kọ: "Bàámi. Mo mọ tiwọn." Mo ṣí ewé kejì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje

Mo da ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn kọ sórí ìwé pélébé bíi ti Bàámi, láìsí orúkọ. Mo mú ti Télọ̀ lọ bá Tíṣà Àgbà. Wọ́n kà á, wọ́n fi bíírò pupa ṣe máàkì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n rèé. Ta ló sọ ọ́?" Mo ní Télọ̀ ni. Wọ́n tún un kà. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn ti bá a sọ ọ́.

Télọ̀ ka ti Tíṣà. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni omi ti ba ìdajì ìwé bàbá náà jẹ́. Mo ní òótọ́ ni. Ó ní òun ò mọ̀, wọn ò sọ ọ́ rí, àtúnṣe, àtúnṣe ṣáá ni gbogbo èèyàn ń pariwo. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, ó wí bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí n bá òun gba ṣòkòtò yẹn wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

Oòrùn yọ. Káàdì ti kúrò lára ilẹ̀kùn, ẹnì kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí Bàámi tí mo mọ tiwọn, sì ti fọwọ́ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nínú ìwé búlúù. Ìyá Ìbejì fi kún tirẹ̀ pé àtẹ̀gùn náà kò dáa fún ẹni tó gbé ọmọ méjì. Mo kọ ọ́. Ṣòkòtò Tíṣà ti dọ́gba.

Bàámi bi mí pé ṣé àpótí ṣì kún yàrá ẹ̀yìn mi. Mo ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú nípa àpótí, kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ gba yàrá wọn sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "O ṣeun, Akọ̀wé."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ kún. Alága wọn jẹ́ obìnrin kan tó gbé awò ojú lé orí irun. Ó ní kí Afínjú ka ẹ̀bẹ̀ wa. Kò pẹ́ rárá: yàrá mẹ́rìnlélógún, àtúnṣe. Ó jókòó. Mo dìde. Mo ti kọ ohun tí màá sọ sílẹ̀, ohun tó wá jáde lẹ́nu mi kò sí níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, kò sí ẹnikẹ́ni ní Ilé Gígùn tó sọ pé òun fẹ́ àtúnṣe. Èmi ni mo kọ ọ́. Àlàfo ìwé yín kéré, mo sì fẹ́ kí iṣẹ́ mi mọ́. Ohun tí wọ́n sọ nìyí." Mo ṣí ìwé búlúù, mo bẹ̀rẹ̀ láti yàrá kìn-ín-ní.

Ó ṣòro láti gba ẹ̀bi láàárín èrò. Lẹ́yìn yàrá kẹta tàbí ìkarùn-ún, mi ò rántí ẹ̀bi mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ti eku. Wọn ò rẹ́rìn-ín sí ti Tíṣà. Bí mo ṣe parí, mo rò pé ó ti tán.

Alága ní, "Mẹ́tàlélógún ni mo kà."

Mo ní ti yàrá kẹrin ni kò sí, bàbá mi ni, ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí wọ́n dúró sínú yàrá wọn. Ó ní kí n ka tiwọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́, bí mo ṣe ka ti àwọn yòókù. Mo wo ìwé. "Mo mọ tiwọn." Mi ò lè kà á síta. Ó bi mí pé ṣé bàbá wà nínú gbọ̀ngàn. Ohùn Bàámi ti dáhùn lẹ́yìn mi pé àwọn wà níbí.

Bàámi di bẹ́ǹṣì iwájú mú, wọ́n dìde díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bi mí. Kí wọ́n tún òrùlé kàn, kí wọ́n tún àtẹ̀gùn kàn, kí wọ́n má lé ẹnì kankan nínú àwọn aládùúgbò mi. Ní tèmi, yàrá yẹn ti sú mi. Ọdún mẹ́fà rèé tí ìyá àwọn ọmọ mi ti lọ. Bí mo bá jí, òjò tó ń kán sínú abọ́ nìkan ni mò ń gbọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi yìí ni mo fẹ́ máa gbé. Mo ti ń bi í nípa yàrá ẹ̀yìn rẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́. Àmọ́ ó ń jà fún mi gidi gan-an, mi ò sì fẹ́ dí i lọ́wọ́."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, ẹ̀rín ìfẹ́ ni. Mo jókòó. Afínjú ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní tábìlì tirẹ̀. Ó pẹ́ tó ń kọ. Kò gé e.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Mo sunkún ní ọ́fíìsì. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé ọ̀fìnkìn yẹn ló padà dé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Mo lọ bá Bàámi. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ fún mi láàárín àwa méjèèjì. Wọ́n ní àwọn sọ ọ́. Mo ní ọjọ́ wo. Wọ́n ní oòrùn, wọ́n ní àpótí. Mo ní ṣé ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Wọ́n ní baba kì í tọrọ yàrá lọ́wọ́ ọmọ, ó máa ń béèrè nípa oòrùn ni. Mo dọ̀bálẹ̀—rárá o, obìnrin ni mí, mo kúnlẹ̀, orí mi ò pé lónìí ni. Wọ́n ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù.

Mo pe àbúrò mi, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín mi fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo jẹ́ kó rín in tẹ́rùn, ó tọ́ sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ìpinnu ìgbìmọ̀ dé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kà á dé ìlà tó kẹ́yìn, mo tún yí ẹ̀yìn ìwé wò. Ilé Gígùn dúró, kò sẹ́ni tí wọ́n máa lé. Wọ́n á tún òrùlé kàn, lẹ́yìn náà àtẹ̀gùn. Ẹ̀rọ omi di ọdún tó ń bọ̀, ìyẹn ò dùn mọ́ wa nínú. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa eku. Ìyá Ìbejì ló máa gba yàrá kẹrin tí Bàámi ń fi sílẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ mi, kó lè bọ́ lọ́wọ́ àtẹ̀gùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ

Àwọn ará Ilé Gígùn kó Bàámi dé ilé mi lánàá. Tíṣà Àgbà gbé aago ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Télọ̀ ti rán aṣọ fèrèsé, kò sì jẹ́ kí n san nǹkan kan.

Ní òwúrọ̀ yìí, mo gbé tíì wọlé fún wọn. Wọ́n ti tẹ́ tábìlì wọn sójú fèrèsé, awò wà lójú wọn. Mo fẹ́ sọ pé mo mọ̀ pé yàrá náà tẹ́ wọn lọ́rùn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo fa ìwé pélébé kan yọ nínú tiwọn, mo mú pẹ́ńsùlù, mo bi wọ́n pé báwo ni yàrá náà ṣe rí.

Wọ́n ṣí awò kúrò lójú. Wọ́n ronú pẹ́, mo sì dúró dè wọ́n. Wọ́n ní, "Oòrùn ń wọlé. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ mi nínú ilé."

Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mo fi òwú so ó mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn.